Odindi Ọ̀rọ̀ Là Á Sọ Níbi Iṣẹ́: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Ọ̀dọ́ Òṣìṣẹ́ ní Àkúrẹ́

Alága wa, mo júbà. Ẹ̀yin àgbààgbà tẹ́ ẹ jókòó sọ́wọ́ iwájú, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ yọ̀ǹda àwọn ọmọ abẹ́ yín kí wọ́n lè wá síbí lónìí, ẹ ṣeun, a ò ní í pàdánù yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ ti Alágbàkà wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Oǹdó wọkọ̀ ní kùtù hàì, ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀, ará Ìkàrẹ́, ará Òkìtìpupa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti etí omi ní Ìgbókòdá, ẹ kú ìrìn, ẹ kú òjò àárọ̀ yìí, ẹ kú ìjókòó. Àkúrẹ́ Olóyèmekùn, mo kí yín o!

Mo gbọ́ ìdáhùn yín, ó dùn mọ́ mi.

Iṣẹ́ tẹ́ ẹ gbé fún mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ nípa bí òṣìṣẹ́ ṣe lè mọ ọ̀rọ̀ sọ: lọ́fíìsì, nílé ìwòsàn, ní báńkì, ní ṣọ́ọ̀bù, níwájú àwọn tó fẹ́ gbani síṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ka ìròyìn lórí rédíò kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́rọ̀ sísọ. Mo lè fi gbogbo ọ̀sán yìí sọ̀rọ̀ nípa ohùn, nípa èémí, nípa bí a ṣe ń dúró níwájú èrò. Màá mẹ́nu bà á tó bá yá. Àmọ́ òun kọ́ ló gbé mi wá. Ohun kan ló wà lọ́kàn mi tó ń ká mi lára, òun ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Àwọn àgbà wa ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà. Òwe tó jóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe inú ilé ni, òwe àárín àwọn tó mọra wọn ni. Àlejò wà ní pálọ̀, ìyá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ọmọ gbé àwo ẹran rẹ̀, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé. Ta ni kò mọ ojú yẹn nínú yín? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n wá bi yín léèrè: ẹni tí kò gbé ilé yín rí, tí kò mọ ojú ìyá yín, tí iṣẹ́ mẹ́wàá wà lórí tábìlì rẹ̀, tí fóònù rẹ̀ ń dún, ṣé àbọ̀ ọ̀rọ̀ á di odindi nínú rẹ̀? Kò ní í dì í. Àbọ̀ náà ló máa wà. Ẹ̀mí èèyàn lè wà nínú àbọ̀ kejì tẹ́ ẹ gbé mì yẹn. Owó ìjọba lè wà níbẹ̀. Iṣẹ́ òòjọ́ yín gan-an lè wà níbẹ̀.

Ohun tí mo bá wá nìyẹn: níbi iṣẹ́, odindi ọ̀rọ̀ là á sọ. Ẹ sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, ẹ kúnlẹ̀ sọ ọ́ bó bá gba bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ sọ ọ́ tán.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ abẹ́ ń sọ fún ọ̀gá

Ibí ni màá ti pẹ́ jù, torí ibí ló ti ń dun ni jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín, ìtàn tó ṣẹlẹ̀, tó wà lákọsílẹ̀. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 1990, ọkọ̀ òfuurufú Avianca 52 gbéra ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ó ń lọ sí New York ní Amẹ́ríkà. Èèyàn 158 ló wà nínú rẹ̀. Ojú ọjọ́ kò dára lálẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ̀ sì pọ̀ lójú sánmà, ni àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ bá ní kí wọ́n máa yí po lókè ná. Wọ́n yí, wọ́n yí, ó lé ní wákàtí kan. Epo ń lọ. Igbákejì awakọ̀ ló ń bá àwọn ará ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí ló sọ fún wọn? Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ṣáájú. Ó ní epo àwọn ń tán lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì. Kò fi ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́nu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ó wò. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú láyé yìí ló mọ ọ̀rọ̀ kan, Mayday. Bẹ́ ẹ bá ti pè é, gbogbo ọkọ̀ yòókù á yà fún yín. Wọn ò pè é. Wọ́n ní epo ń tán lọ. Lójú ẹni tó jókòó sílẹ̀ ńkọ́? Ọkọ̀ wo ló wà lókè tí epo rẹ̀ kì í tán lọ? Ó da ọ̀rọ̀ náà pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù. Wọ́n gbìyànjú láti balẹ̀, kò bọ́ sí i, wọ́n tún gbé ọkọ̀ sókè. Ibi tí wọ́n ti ń yí bọ̀ ni ẹ́ńjìnì ti kú. Ọkọ̀ náà já lu ẹ̀gbẹ́ òkè kan ní ìlú kékeré tó ń jẹ́ Cove Neck, èèyàn 73 sì kú. Ọkọ̀ náà kò gbiná, torí kò sí epo kankan nínú rẹ̀ mọ́ tí iná máa jó.

Ṣé igbákejì awakọ̀ yẹn dákẹ́ ni? Kò dákẹ́. Ó sọ̀rọ̀ léraléra. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló ń sọ.

Ẹ má wí pé Amẹ́ríkà jìnnà. Ní ọ́fíìsì kan tí mo mọ̀ dáadáa, tí mi ò ní í dárúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin kan wà lẹ́ka ìṣirò owó. Ìwé ìsanwó kan kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rí i pé àkáǹtì tí wọ́n kọ síbẹ̀, ti agbaṣẹ́ṣe ọdún tó kọjá ni, kì í ṣe ti ẹni tó ṣe iṣẹ́ tọdún yìí. Ó gbé ìwé náà tọ ọ̀gá lọ. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, bóyá kẹ́ ẹ tún bá wa yẹ̀ ẹ́ wò." Ọ̀gá kò gbójú sókè, ó ní, "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀." Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣé, mà," ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n san owó. Owó wọ àkáǹtì ẹni ẹlẹ́ni. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi lé e kiri kó tó padà, agbaṣẹ́ṣe tó ṣiṣẹ́ ń wá sí ẹnu ọ̀nà wọn lójoojúmọ́, ó ń figbe ta. Nígbà tí wọ́n pe ọmọ náà sí ìgbìmọ̀, ó ní, "Mo sọ fún wọn." Òótọ́ ni, ó sọ. Kí ló sọ? Ó ní kí ọ̀gá tún un wò. Kò sọ ohun tóun rí.

Báwo ni ì bá ṣe sọ ọ́? Ìkúnlẹ̀ yẹn kan náà, ohùn jẹ́jẹ́ yẹn kan náà: "Mà, àkáǹtì tó wà nínú ìwé yìí, ti agbaṣẹ́ṣe ọdún tó kọjá ni. Bó bá lọ báyìí, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ lowó máa bá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dá a dúró kó tó lọ sí báńkì lágogo méjì." Ọ̀rọ̀ tó kù nìyẹn. Kò gùn. Kò rí ọ̀gá fín. Ọ̀gá wo ló máa gbọ́ ọ tí kò ní í gbójú sókè?

Àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ní ìlànà kan fún irú èyí, SBAR ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ní Oǹdó, á ti mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ pe dókítà lóru nítorí aláìsàn ní ohun mẹ́rin láti sọ: kí ló ń ṣẹlẹ̀ báyìí, ibo lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí lèmi fúnra mi rò pé ó jẹ́, kí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Mo ti fi ìlànà yìí kọ́ àwọn tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ó sì wúlò fún gbogbo wọn. Ibi tó ti ń ṣòro fún wa ni ìkẹta àti ìkẹrin. Ìtàn rọ̀ wá lọ́rùn, a lè sọ ìtàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àmọ́ ká ní "ohun tí mo rò nìyí, ohun tí mo fẹ́ nìyí" níwájú ẹni tó jù wá lọ, àyà wa á já.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò. Ṣé obìnrin yìí fẹ́ kọ́ ọmọ wa ní yíyájú sí àgbà ni? Ká má rí i. Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọ̀wọ̀ wà nínú "ẹ" tí ọmọ fi ń pè yín. Ó wà nínú ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀, ó wà nínú ohùn rẹ̀. Kò sí nínú fífi òótọ́ pamọ́ fún yín. Ọmọ tó rí ejò lẹ́yìn àga yín, tó ń tọrọ gáfárà títí ejò fi bù yín jẹ, ṣé ó bọ̀wọ̀ fún yín? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá sì ní ipa tiyín. Lọ́dún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé àyẹ̀wò kan jáde fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ. Kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan ara aláìsàn, kálukú tó wà nínú yàrá náà, títí dé ẹni tó kéré jù, á dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Wọ́n tún máa ń béèrè àwọn nǹkan mìíràn: ta ni aláìsàn yìí, apá ibo la fẹ́ là, ṣé ó ti gba oògùn tó yẹ. Wọ́n dán an wò nílé ìwòsàn mẹ́jọ, ní ìlú mẹ́jọ káàkiri ayé. Nínú 100 aláìsàn, iye àwọn tó ń kú wálẹ̀ láti 1.5 sí 0.8. Ìwé lásán ni o, kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá. Èmi gbà pé ẹni tó bá ti lanu dárúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á rọrùn fún un láti tún lanu nígbà tó bá rí àṣìṣe. Ọ̀gá tó bá jágbe mọ́ ọmọ abẹ́ tó sọ òótọ́, àfàìmọ̀ kí ọmọ náà má panu mọ́ fún ọdún kan. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n máa sọ odindi, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa sọ nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ ni "O ṣeun." Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ lè wá wò ó bóyá òótọ́ ni.

Ohun tó ṣe kókó ni kó ṣáájú

Mo bọ́ sí ìkejì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ìkíni ni àṣà wa, mi ò sì ní í sọ pé kẹ́ ẹ pa á tì. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí WhatsApp. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ọmọ iṣẹ́ kọ̀wé sí ọ̀gá: "Ẹ káàárọ̀, sà." Ó dúró. Ọ̀gá wà lójú ọ̀nà, ó rí i, ó ní ìkíni lásán ni, òun á dáhùn tóun bá dúró. Aago mẹ́sàn-án: "Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ẹ kú iṣẹ́ o, sà." Ó tún dúró. Aago mẹ́wàá, ọ̀gá dáhùn: "Káàárọ̀ o." Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jáde: "Sà, àwọn àlejò Abuja ti dé láti aago mẹ́jọ. Gbọ̀ngàn wà ní títì." Wákàtí méjì! Àlejò dúró nínú oòrùn fún wákàtí méjì torí à ń retí kí wọ́n jẹ́ wa ní ìkíni.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Ẹ káàárọ̀, sà. Àwọn àlejò Abuja ti dé. Gbọ̀ngàn wà ní títì, ọ̀dọ̀ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ta ni kí n rán wá gbà á?" Ìkíni wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ìbéèrè wà níbẹ̀. Ọ̀gá lè dáhùn láàárín ìṣẹ́jú kan tí iná dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró.

Bákan náà ni àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ má fi ohùn ìṣẹ́jú mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹni tó wà nínú ìpàdé. Kò lè gbọ́ ọ níbẹ̀, kò sì lè wá ọjọ́ tàbí iye owó nínú rẹ̀ lọ́la. Bó bá jẹ́ ìyá yín lẹ fẹ́ kí, ẹ fi ìdajì wákàtí ránṣẹ́, inú wọn á dùn. Níbi iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ímeèlì ńkọ́? Àkọlé rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà. Mo rí àwọn tó ń kọ "Pàtàkì" síbẹ̀, mo rí àwọn tó ń kọ "Ẹ̀bẹ̀", mo sì rí àwọn tó fi í sílẹ̀ lófìfo. Ẹ kọ ohun tó wà nínú ìwé náà: "Ìbéèrè fún ìsinmi, ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ." Ẹni tó ń gba ọgọ́rùn-ún ímeèlì lóòjọ́ á mọ ohun tó fẹ́ ṣí. Nínú ìpàdé pẹ̀lú, ẹ jẹ́ ká dín àfikún tí kò fi nǹkan kún nǹkan kù. Bí alága bá ní kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tẹ́ ẹ dúró sí: "Mo fara mọ́ ọn," tàbí "Mi ò fara mọ́ ọn, ìdí méjì ni mo ní." Ẹ wá sọ ìdí méjèèjì, kẹ́ ẹ jókòó.

Etí tó ń gbọ́, ẹnu tó ń tún un sọ

Ẹnì kan ń ta epo lọ́nà Ọ̀bà-Ilé tí mo fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ púpọ̀. Kì í fa epo kó tó sọ̀rọ̀. Á tẹ̀ síwájú, á wo ojú ẹni tó wà nínú mọ́tò, á ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lẹ wí, àbí? Ẹ wo mítà mi, òdo ló wà o." Á dúró títí oníbàárà á fi mi orí. Bó bá parí, á tún ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá pé, ẹ wò ó." Mi ò rí i kó bá ẹnikẹ́ni jà lórí owó rí. Ẹ wo iye ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ nílé epo, ẹ wá wo bí gbólóhùn méjì ṣe ń pa ìjà kú.

Nǹkan tó ń ṣe yẹn, gbogbo awakọ̀ òfuurufú ló ń ṣe é, ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, ní erékùṣù Tenerife tó jẹ́ ti ilẹ̀ Sípéènì, ọkọ̀ òfuurufú ńlá méjì, ti KLM àti ti Pan Am, kọlu ara wọn lórí ilẹ̀. Kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀. KLM sọ gbólóhùn kan tí ẹni tó wà nílé ìṣọ́ rò pé ó túmọ̀ sí pé wọ́n dúró, wọ́n ń retí àṣẹ. Wọn ò dúró o, wọ́n ti ń sáré lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó jọ wà nínú yàrá awakọ̀ KLM béèrè bóyá ọkọ̀ kejì ti kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó béèrè sì dákẹ́. Èèyàn 583 ló kú, kò tíì sí ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀ láyé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fún òfin ọ̀rọ̀ sísọ le sí i: àṣẹ tí wọ́n bá fún awakọ̀, á tún un sọ padà kí ẹni tó fún un gbọ́ ọ, a kì í sì í fi "mo ti gbọ́" nìkan dáhùn.

Ẹ mú un lọ sílé. Bí ọ̀gá bá rán yín níṣẹ́, kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú wọn: "Ẹ̀dà mẹ́ta lẹ fẹ́, ọjọ́ Ẹtì ni, ọ̀dọ̀ akọ̀wé àgbà ni kí n gbé e lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, sà?" Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ.

Mo ní láti sọ ti àwọn tó ń jókòó sídìí káńtà. Ìyá àgbà kan wá láti Ìta-Ògbólú, ó di owó mọ́ ìdí ìró, ó fẹ́ gba káàdì nílé ìwòsàn. Ọmọ tó wà nídìí káńtà fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ yára, ó tọ́ka sí ọ̀nà kan, ó pe ẹni tó kàn. Ìyá náà dúró sójú kan. Ó tijú láti tún béèrè. Ta lẹ̀bi yẹn wà lọ́rùn rẹ̀? Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá bíi tèmi àti tiyín! Mo fẹ́ ká fi èyí sọ́kàn gidi: èdè tó yé ẹni tó wà níwájú yín ni èdè iṣẹ́. Bó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sọ Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé. Bó bá jẹ́ Yorùbá, ẹ sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì rọra sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ọmọ Àrógbò tó ń sọ èdè Ijaw, tí kò gbọ́ ìkankan dáadáa, ẹ wá ẹni tó máa túmọ̀. Ọ̀gá lè ti bínú nígbà tí wọ́n ń rán yín sí i. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, tọmọ là á fi jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ gbọ́ pé "Sọ fún wọn kí wọ́n má dà mí láàmú mọ́," ẹnu yín ló yẹ kó ti di "Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò ráyè lónìí, ẹ padà wá lọ́la lágogo mẹ́wàá."

Ohùn, ojú àti ahọ́n

Èyí kò ní í pẹ́.

Ẹ ti gbọ́ ọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mìíràn pé nínú 100, ọ̀rọ̀ ẹnu kò ju 7 lọ, ohùn ni 38, ojú àti ara ni 55. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé gbà á bẹ́ẹ̀. Albert Mehrabian ló ṣe ìwádìí yẹn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1967. Ohun tó ń wá ni bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ẹnì kan fẹ́ràn wa tàbí kò fẹ́ràn wa, nígbà tí ẹnu rẹ̀ ń sọ ọ̀tọ̀ tí ojú rẹ̀ ń sọ ọ̀tọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti ní kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ sísọ ni. Bí ẹnì kan bá fi èdè Ṣáínà bá yín sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe, ṣé ẹ máa gbọ́ 93 nínú 100 ohun tó sọ? Ọ̀rọ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ohùn àti ojú ló ń gbè é lẹ́yìn.

Nípa ohùn, ẹ lọ wo alága ìjókòó tó mọṣẹ́ níbi ìdána. Bí èrò bá ń pariwo, kò ní í bá wọn pariwo. Á dákẹ́. Á wo iyàrá yíká. Bí wọ́n bá ti rọ̀, á fi ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kálukú á sì na etí. Lórí rédíò, a máa ń fi bírò fa ìlà sí gbogbo ibi tí a máa mí nínú ìwé ìròyìn kí a tó wọ yàrá. A máa ń ka gbogbo rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan, pàápàá jù lọ orúkọ èèyàn àti iye owó. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ bẹ́ ẹ bá fẹ́ ka ìwé níwájú ìgbìmọ̀. Orúkọ àlejò tí kò dá yín lójú, ẹ lọ bi í kó tó di pé ẹ gorí pèpéle.

Nípa ahọ́n, Yorùbá kò ní ìró v, kò ní z. Ọmọ Oǹdó, ọmọ Ọ̀wọ̀, ọmọ Ìkálẹ̀ ní ìró gh tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní. Ahọ́n kálukú ń rántí ilé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹ má jẹ ìparí ọ̀rọ̀ mọ́ ẹnu, ẹ kọ́ ìró tó ń da ọ̀rọ̀ rú fún ẹni tó ń gbọ́ yín. Àmọ́ ohùn imú tí àwọn kan ń yá lò, tí ará Lọ́ńdọ̀nù ò gbọ́, tí ará Àkúrẹ́ ò gbọ́, ẹ bá mi fi í sílẹ̀.

Níwájú àwọn tó fẹ́ gbani síṣẹ́, àti bí a ṣe ń kọ́ ọ

"Sọ fún wa nípa ara rẹ." Ìbéèrè tó ń kó ìdààmú bá àwọn ọmọ wa jù nìyí. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ láti ìlú tí wọ́n ti bí i, á sọ iye ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí, á dé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu ti ń wo aago. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kò ju mẹ́ta lọ: kí lo lè ṣe, ibo lo ti ṣe é rí, kí ló dé tó o fẹ́ ṣe é níbí. "Lédìí ni orúkọ mi, ọmọ takuntakun ni mí, mo lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìnira" kò sọ nǹkan kan. Àmọ́ "Nígbà tí mo sin ilẹ̀ baba mi, èmi ni mo ń kọ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde ní ilé oògùn, ní ìparí oṣù, ìwé mi àti ohun tó wà lórí pẹpẹ máa ń bára mu," ìyẹn ní apá, ó ní ẹsẹ̀, ẹni tó gbọ́ ọ á fẹ́ béèrè sí i. Odindi ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ sísọ, a kì í bí i mọ́ ẹnikẹ́ni o. Lọ́dún 1924, ní ìlú Santa Ana ní California, Ralph Smedley dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Toastmasters, kí àwọn èèyàn lè máa péjọ kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Ó wà ní Nàìjíríà náà lónìí. Kálukú á dìde sọ̀rọ̀, ẹnì kan á máa wo aago, ẹlòmíì á máa ka iye ìgbà tí ẹ bá ń fi "ẹẹ̀, ẹẹ̀" wá ọ̀rọ̀. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ wọ ẹgbẹ́ kankan. Ẹ kó ara yín jọ ní ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ lórí fóònù, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ títí dé ìparí, bó tilẹ̀ korò létí.

A ó bẹ̀rẹ̀ níbí báyìí. Alága, mo tọrọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó gba ìbéèrè. Kálukú yín, ẹ yíjú sí ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, pàápàá bẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n rí. Ẹ sọ orúkọ yín, ẹ sọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe, ẹ sọ ohun kan tí kò lọ bó ṣe yẹ lẹ́nu iṣẹ́ yín tẹ́ ẹ ti fẹ́ sọ fún ọ̀gá yín tẹ́ ẹ ò tíì sọ. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀gá ló wà níwájú yín: ohun tẹ́ ẹ rí, ohun tó lè dá sílẹ̀, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ìṣẹ́jú kan péré. Ẹni tó ń gbọ́, má dá sí i, tún un sọ padà fún un bó o ṣe gbọ́ ọ, kó sọ fún ọ bóyá o gbà á. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pààrọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ wà níwájú, ẹ dìde, ẹ bọ́ sáàárín àwọn ọmọ, ẹ jọ ṣe é. Ó yá, aago ti bẹ̀rẹ̀.